Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìró: lẹ́tà sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò wa

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọkùnrin kékeré yẹn ti dàwátì ládùúgbò wa ni mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n mo ní kí inú mi rọ̀ ná. Àwọn àgbà ní ọmọ kú, ó yá ju ọmọ nù. Mo mọ ohun tí ìyá ọmọ náà fojú rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí apá mi ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Nítorí náà n kò bá yín wí pé ẹ tú jáde, n kò sì bá yín wí pé ẹ wá a dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ ṣe sí obìnrin aládìẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ rántí bó ṣe lọ. Ẹnìkan ní òun rí ọmọ náà nítòsí ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹlòmíràn ní wọ́n ní obìnrin náà kò bímọ rí. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan tan iná fóònù sí ìró rẹ̀ tó sá sórí okùn, ẹ̀jẹ̀ sì wà níbẹ̀, létí ìró, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka mẹ́ta nù ún síbẹ̀. Kí n tó rí bàtà mi wọ̀, fídíò ti dé orí WhatsApp: “Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ!” Ẹ̀jẹ̀ lára ìró ẹni tó ń pa adìẹ tà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Wọ́n gbá a létí, wọ́n tú àwọn adìẹ rẹ̀ ká sí títì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a rí ọmọ ní tésàn ọlọ́pàá lódìkejì ìlú. Ó tẹ̀lé eégún lọ, kò mọ̀nà bọ̀, àwọn olóore kan sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ijó ni a jó padà sílé. Kò sí ẹni tó yà lọ́dọ̀ obìnrin yẹn.

Ẹ̀yin mọ̀ pé ọdún 27 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí dé etí adájọ́ láìbù mọ́ ọn, láìyọ nínú rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣọ́ jù lọ ni ibi tí “mo rí i” ti ń di “wọ́n ní”. Ẹlẹ́rìí á gorí àpótí, á ní òun rí ọkùnrin náà. Bí lọ́yà bá tún un bi, á ní òun rí ẹnìkan tó jọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, á ní ìyàwó òun ló sọ pé òun náà ni. Kì í ṣe pé ó purọ́ o. Ó ti gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ débi pé ojú inú rẹ̀ ti bá a rí i. Irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ló máa ń bà mí lẹ́rù ju òpùrọ́ lọ, torí ojú òpùrọ́ máa ń yẹ̀, tirẹ̀ kì í yẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ òkèèrè ló ti ṣẹlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, lẹ́bàá àpáta ńlá tí wọ́n ń pè ní Uluru, láàárín gbùngbùn Ọsirélíà, Lindy Chamberlain àti Michael ọkọ rẹ̀ pàgọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Pásítọ̀ ni Michael nínú ìjọ Seventh-day Adventist, ìjọ kan náà tó ni Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ níhìn-ín. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 9 ni Azaria, ọmọbìnrin wọn. Ìyá tẹ́ ọmọ sínú àgọ́, ó padà síbi tí wọ́n ti ń dáná. Wọ́n gbọ́ igbe ọmọ. Ìyá sáré lọ wò ó, ó rí ajá ìgbẹ́ ilẹ̀ wọn, dingo, tó ń jáde látinú àgọ́. Ibi tí ọmọ sùn sí ti ṣófo. Ó figbe ta pé dingo ti gbé ọmọ òun lọ. Wọn kò rí òkú ọmọ náà títí dòní. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n rí aṣọ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.

Adájọ́ tó kọ́kọ́ wádìí ikú náà, Denis Barritt, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1981 kí gbogbo ìlú lè gbọ́ pé dingo ló gbé ọmọ. Ìlú kò gbà. Wọ́n ní orúkọ Azaria túmọ̀ sí ìrúbọ nínú aginjù. Orúkọ inú Bíbélì ni, ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé Ọlọ́run ti ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ta ló dúró wo ìwé? Wọ́n ní ìyá máa ń wọ aṣọ dúdú fún ọmọ. Wọ́n ní ìyá náà kò sunkún tó nígbà tó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹkún yìí. Mo rí ìyá kan ní kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n ń ka bí ọmọ rẹ̀ ṣe kú. Ó ń tú gèlè, ó ń tún un wé, ó tún ń tú u. Omijé kò sí lójú rẹ̀ rárá, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àfìgbà tó dé ìdí igi máńgòrò níta tó wó lulẹ̀ bí ògiri. Láti ọjọ́ náà n kò fi ojú gbígbẹ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́. Ẹ̀yin náà sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ojú obìnrin aládìẹ le. Mo gbọ́.

Wọ́n tún ìwádìí ṣe lórí ọ̀rọ̀ Lindy, ẹjọ́ sì dé kóòtù ní ìlú Darwin. Onímọ̀ lábù kan sọ pé òun rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ tó fọ́n sí abẹ́ dáṣíbọọ̀dù ọkọ̀ Torana wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá láti London, ó ní òun rí àpẹẹrẹ ọwọ́ èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ yà sára aṣọ ọmọ, àti pé àlùmọ́gàjí ló gé e, kì í ṣe eyín. Ìjọba ní ìyá gbé ọmọ wọ ọkọ̀, ó pa á níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì padà wá jókòó ti àwọn èèyàn. Kò sí òkú, kò sí ìdí tí ìyá fi lè ṣe irú rẹ̀, obìnrin kan tó wà nídìí iná sì ní òun gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn àkókò tí wọ́n ní ìyá ti pa á. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1982, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére. Oyún wà nínú rẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wá ni ẹ̀jẹ̀ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù yẹn? Ọ̀dà ni. Ọ̀dà tí iléeṣẹ́ fọ́n sí ara ọkọ̀ kí ariwo má bàa wọlé, irú rẹ̀ sì wà lára àwọn ọkọ̀ Torana mìíràn bákan náà. Ìlú Mount Isa, níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà nígbà náà, ni ìdílé náà ń gbé, eruku bàbà sì lè mú kí omi àyẹ̀wò yí àwọ̀ bíi pé ẹ̀jẹ̀ ló rí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn fẹ́ tún àyẹ̀wò náà yẹ̀ wò, lábù ti da àwọn àwo tí wọ́n fi ṣe é nù. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn tó kàwé ni wọ́n, ẹ̀rọ sì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ṣì pe ọ̀dà ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Kí la fẹ́ fi iná fóònù rí lára ìró lóru?

Lọ́dún 1984, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ọsirélíà, àwọn adájọ́ 3 ní kí ìdájọ́ dúró, àwọn 2 kọ̀. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà gan-an ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú: bí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan bá ń mì, ṣé a lè kó wọn pọ̀ kí wọ́n wá dúró ṣinṣin? Èmi kì í ṣe adájọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń dáná. Bí ẹ bá da ọbẹ̀ mẹ́ta tó ti kan pọ̀ sínú ìkòkò kan, ọbẹ̀ tuntun kò ní jáde níbẹ̀. Orúkọ ọmọ, aṣọ dúdú, ojú gbígbẹ, ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan ti kan kí wọ́n tó dà á pọ̀.

Ìyá náà ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ wọ jákẹ́ẹ̀tì funfun kékeré kan lórí aṣọ rẹ̀. Wọn kò rí jákẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n sì ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n tún ní bó bá jẹ́ dingo ni, itọ́ rẹ̀ ìbá wà lára aṣọ tí wọ́n rí. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 1986, arìnrìn-àjò kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já bọ́ látorí àpáta yẹn, ó kú. Níbi tí wọ́n ti ń wá òkú rẹ̀, nítòsí ihò àwọn dingo, wọ́n rí jákẹ́ẹ̀tì kékeré tí iyẹ̀pẹ̀ ti bo ààbọ̀ rẹ̀, èyí tó wà lókè aṣọ tí itọ́ ìbá fi kàn án. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n tú Lindy sílẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti dá a lẹ́bi. Lọ́dún 1988 ni wọ́n pa ìdájọ́ rẹ́. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2012 ni adájọ́ Elizabeth Morris tó kọ ọ́ sínú ìwé pé dingo ló pa Azaria. Ọdún 32 dín díẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: àwọn tó mọ òótọ́ wà níbẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn onílẹ̀, àwọn Anangu, tí wọ́n ń tọ ipasẹ̀ ẹran bí àwọn ọdẹ wa ṣe ń tọ̀ ọ́, rí ipasẹ̀ dingo tó gbé ẹrù, wọ́n sì rí ibi tó ti gbé ẹrù náà kalẹ̀, tí ojú aṣọ yà sára iyanrìn. Ọ̀kan nínú wọn ni Nipper Winmatti. Ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ pàápàá ti ń kìlọ̀ ṣáájú pé àwọn dingo náà ti di ewu, torí wọ́n ti ń bu àwọn ọmọdé jẹ. Wọn kò fi ẹ̀rí àwọn tó fojú rí ilẹ̀ sípò tí wọ́n fi tẹni tó wá láti London sí.

Ẹ̀yin náà mọ òwe yìí: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? N kì í bá òwe àwọn baba wa jà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni òwe náà fi parí, ìbéèrè sì yẹ ní ìdáhùn. Ta ni kò mọ̀? Èmi kò mọ̀. Ibà ńkọ́? Alẹ́ mélòó ni ẹyẹ náà ti ké tí ọmọ kankan kò kú? Ọmọ mélòó ló ti kú lálẹ́ tí ẹyẹ kankan kò ké? Ẹni tó bá lè dá mi lóhùn lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni màá jẹ́ kó pe orúkọ àjẹ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Gbọ́mọgbọ́mọ wà. Mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ní kóòtù, mo sì ti sùn láìjẹun nítorí ohun tí mo fẹnu ara mi sọ fún adájọ́. Ìgbà mìíràn wà tí aládùúgbò gan-an ló ṣe é. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín. Bí gbogbo yín bá kọrí sílé obìnrin aládìẹ, ta ló kù tó ń wo ojú títì? Wákàtí tí ẹ fi lù ú ni ẹ ò fi pe tésàn kejì. Òfin wa pàápàá kì í kánjú: Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ó di ọdún 7 tí àwọn tó yẹ kó gbúròó ẹnìkan kò ti gbúròó rẹ̀ kí ilé ẹjọ́ tó kà á sí òkú.

Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó lọ sí tésàn. Kí ẹnìkan mú bébà. Kó kọ aago tí wọ́n rí ọmọ kẹ́yìn, ẹni tó rí i, aṣọ tó wọ̀. Kó fa ìlà sáàárín bébà náà, kó kọ “mo rí” sápá kan, kó kọ “wọ́n ní” sápá kejì, kó má sì jẹ́ kí ohunkóhun fò kọjá ìlà. Bí ẹ bá rí aṣọ tàbí bàtà, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá. Nǹkan tí ẹ bá sì rí tó fẹ́ mú yín kígbe, ẹ kọ́kọ́ wá ohun méjì mìíràn tó lè mú kó rí bẹ́ẹ̀. Ìró tó ní ẹ̀jẹ̀: ṣé ẹni tó ni ín kì í pa adìẹ?

Fídíò yẹn ṣì wà lórí fóònù àwọn kan nínú yín. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, ẹnìkan tún fi ránṣẹ́ sí mi láti Èkó pé kí n ṣọ́ra fún obìnrin náà. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí ẹ ti gbé e sí pé ọmọ ti délé, ẹ̀jẹ̀ adìẹ ni. Obìnrin náà ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, mo mọ ilé náà. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú mo fẹ́ lọ kí i. Mo ti ra àgò adìẹ tuntun fún un, adìẹ márùn-ún ló sì kù kí ó pé iye tí wọ́n tú ká. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó wá bá mi lójúde ní aago méjì.

Èmi ni,
Ìyá yín.