Lẹ́tà sí Ìyá Òkè-Ajé

Ìyá mi,

Àbúrò mi fi gàrí ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo tú àpò, òórùn kíkan rẹ̀ gba yàrá, mo jókòó sílẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ ti lọ, ajọ̀ yín ni mo ṣì ń rí.

Iléyá 2018, ọjọ́ kejì Òjúde Ọba. Ẹ̀ ń jọ gàrí lẹ́yìnkùlé. Mo ní, "Màámi, mo fẹ́ fi iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, purotéènì ni mo fẹ́ máa tún ṣe." Ẹ gbé ajọ̀ sílẹ̀. Ẹ la ẹnu. Ẹ tún gbé e, ẹ ń jọ̀ lọ. "Ṣé wàá jẹun?"

Owó gàrí yín ló sanwó ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn, kẹ́mísìrì tí ìmọ́lẹ̀ ń mú ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tan iná búlúù sí ìgò kéékèèké. Bí iná bá ti ba èròjà onírin tó ń jẹ́ ruthenium inú wọn, á fún èròjà mìíràn ní ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kan, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láìsí ooru. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dé egungun. Ṣùgbọ́n ruthenium wọ́n bí ojú, kì í sì í mọ èyí tó yẹ kó mú yàtọ̀ sí èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀. Ẹ́ńsáìmù, purotéènì tó ń mú kí èròjà yí padà kíákíá, mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ sọ fún yín pé ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀gẹ́ yín, linamarase lorúkọ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti rin ẹ̀gẹ́, òun ló ń gé èròjà tó gbé sáyánáìdì pamọ́, kí májèlé náà lè bá omi àti ooru agbada jáde. Bẹ́ ẹ sì ṣe ń ṣa igi ẹ̀gẹ́ tó ta dáadáa sọ́tọ̀ fún gbíngbìn, bẹ́ẹ̀ là ń yí jíìnì, ìlànà tí a fi ń mọ ẹ́ńsáìmù, díẹ̀díẹ̀, tí à ń mú èyí tó dára jù, tí à ń tún un yí. Oṣù méjì kò pé lẹ́yìn ọjọ́ náà tí onímọ̀ kẹ́mísìrì Frances Arnold gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Mo pè yín. Ẹ ṣàdúrà fún mi, ẹ ní fóònù ń kú lọ.

Kí lẹ fẹ́ sọ, Màámi? Ẹ mọ ìbáwí í ṣe. Ìbáwí ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ìdákẹ́ yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfurufú.

Oṣù Kejìlá ni iṣẹ́ mi yóò parí, kò sí òmíràn. Lánàá, mo wo àwo oníhò 96, ẹ̀dà ẹ́ńsáìmù kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìkankan tó yí àwọ̀ láti fi hàn pé ó ṣiṣẹ́. Mo wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún, ẹni tí yóò gbé ajọ̀ sílẹ̀.

Mo ti bu omi sí gàrí náà láti aago méje. Ó ti wú kún abọ́, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.