Ẹ Kọ Ọ̀nà Tí Ẹ Gbà Ṣe Àwòrán Sínú Èsì

Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lórí skáànù núkílíà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa l'Óṣogbo níbí ló ń wọ mọ́tò jáde nílùú kí wọ́n tó rí i ṣe. Àmọ́ ibi tí òǹkọ̀wé yín ti ní ọ̀nà ìṣirò tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwòrán ti sọ ti àtijọ́ di pàǹtí, ibẹ̀ ni mi ò ti lè bá a lọ. Iṣẹ́ yíya àwòrán ara ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Skáànù yìí kì í ṣe fọ́tò. Wọ́n á gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ technetium-99m, oògùn tó ń tú ìtànṣán jáde, tí agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní wákàtí 6. Kámẹ́rà á yí i po, á máa ka ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀ láti igun kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ iye yẹn di àwòrán. Filtered back projection, ọ̀nà ìṣirò àtijọ́ yẹn, á dá iye tí wọ́n kà padà sójú ìlà tó gbà jáde, á sì fi asẹ́ yọ ojú bàìbàì kúrò. OSEM, ọ̀nà tuntun náà, tí Hudson àti Larkin gbé jáde ní 1994, á kọ́kọ́ méfò àwòrán kan, á ṣírò ohun tí kámẹ́rà ì bá kà bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, á fi wé èyí tó kà gan-an, á tún un ṣe, á tún padà síbẹ̀. Igun díẹ̀díẹ̀ ló ń mú lẹ́ẹ̀kan, kó lè yá.

Ẹ wo ìbàdí. Bí àpò ìtọ̀ bá kún, oògùn inú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ yòò, filtered back projection á sì fa ìlà-ìlà gba orí egungun itan kọjá, débi pé èèyàn ò ní mọ èwo ni àrùn. (Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn lọ tọ̀ kó tó dùbúlẹ̀. Ẹ má bínú sí wọn.) OSEM kì í fi bẹ́ẹ̀ fa irú ìlà yẹn. Mo gbà fún òǹkọ̀wé yín níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè dá OSEM dúró, ojú àrùn kékeré lè má tíì yọ tán. Bó bá pẹ́ jù, àwòrán á kún fún tó-tò-tó tí kò sí lára ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ló ń yan iye ìgbà tó máa tún àwòrán ṣe, ilé ìwòsàn méjì sì lè má yan iye kan náà.

Màmá kan wá gbé skáànù èṣí àti tọdún yìí dání, ibì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ṣe é, ojú kan wá mọ́lẹ̀ sí i. Ọkàn àwọn ọmọ ti pòrúurùu. Ṣé àrùn ló ń gbilẹ̀ ni, àbí ìṣirò ló yí padà? Èsì ò sọ.

Ẹ bá wa sọ fún àwọn ilé ìwòsàn kí wọ́n kọ ọ̀nà tí wọ́n lò àti iye àtúnṣe sínú èsì, kí wọ́n má sì pa iye tí kámẹ́rà kọ́kọ́ kà rẹ́. Bó bá wà nípamọ́, wọ́n lè fi ọ̀nà kan náà tún àwòrán èṣí ṣe láìgún aláìsàn lábẹ́rẹ́ mìíràn, kí dókítà tó fi méjèèjì wéra.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Fìà, Òṣogbo