Ta ló ní irúgbìn òyìnbó kì í ṣàìsàn?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Mo ka ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ wa bá yín sọ nípa ọkà bàbà. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn fọkàn balẹ̀, irúgbìn ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, irúgbìn òyìnbó kì í sì í ṣàìsàn. Kì í ṣàìsàn kẹ̀? Ta ló sọ fún un?

Kansas ni mò ń gbé, ìpínlẹ̀ tí ọkà bàbà ti pọ̀ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń já ẹrù ọkà wọn láti tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń bù ú nínú ọkọ̀ wọn yẹ̀ wò kó tó wọlé. Ẹran ọ̀sìn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń fi òmíràn ṣe epo ọkọ̀, wọ́n sì ń kó òmíràn lọ sí òkè òkun. (Ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe ògì àfi ìyàwó mi.) Àìsàn tí mò ń rí lára ọkà yìí kò kéré.

Ẹ wo èyí tó ń jẹ inú pòròpórò. Ọkà á dúró dáadáa, á yọrí, olóko á ti máa ṣírò owó. Bí òjò bá wá kọ̀, tí oòrùn sì mú gan-an lásìkò tí ọmọ rẹ̀ ń gbó, àrùn náà á gba gbòǹgbò wọlé. Ẹ wò ó lóde, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ fi ọ̀bẹ là á, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ ti tú, fọ́nrán lásán ló kù, nǹkan dúdú wínníwínní sì lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀ bí ìyèré tí wọ́n gún. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, oko sùn lélẹ̀, ẹ̀rọ ìkórè kì í sì í ṣa èyí tó ti wà nílẹ̀. Òmíràn tún wà tó ń sọ inú pòròpórò di pupa, ìyẹn fẹ́ràn kí ooru mú tán kí òtútù àti òjò tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́n á wọ oko kí ìkórè tó dé, á máa fọwọ́ ti igi ọkà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń ṣẹ́, ibẹ̀ ni á kọ́kọ́ kórè, ì báà má tíì gbẹ tán. Irú ọkà bẹ́ẹ̀, bí mo bá bù ú sọ́wọ́, mo ti mọ̀: ó ti fúyẹ́.

Irúgbìn olówó ńlá ni wọ́n gbìn o, pẹ̀lú katakata àti ajílẹ̀.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àrùn kan pa ọkà bàbà láti gbòǹgbò ní Kansas àti Texas, ìwọ̀nba èyí tí kò kú ni wọ́n ṣà tí wọ́n fi rí irúgbìn mìíràn. Ní 1997, àrùn tó ń mú òdòdó ọkà sun oje dídùn tó ń lẹ̀ mọ́wọ́ dé. Áfíríkà àti Éṣíà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó dé Brazil ní 1995, ó wọ Texas ní 1997, kí ọdún yẹn tó parí ó ti dé Kansas àti Nebraska. Òdòdó tí kò tètè rí lẹ́búlẹ́bú akọ ló ń bá jà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oko tí wọ́n ti ń ṣe irúgbìn haíbíríìdì, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi irú ọkà méjì pọ̀ ṣe, ló máa ń yọ lẹ́nu jù. Haíbíríìdì yẹn náà ni wọ́n fẹ́ kó wá fún yín. Mo tún bèèrè: ta ló ní irúgbìn òyìnbó kì í ṣàìsàn?

Ká tiẹ̀ ní kò ṣàìsàn níhìn-ín, ṣé ojú ọjọ́ ibí ni tiwa? Ọkà bàbà ìbílẹ̀ wa kì í yára yọrí. Ó ń dúró kí ọ̀sán kúrú, kí òjò máa kásẹ̀ nílẹ̀, kó tó yọ òdòdó, kí ọmọ rẹ̀ lè gbó sínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ti Kansas kì í dúró de ẹnì kan, torí yìnyín ń bọ̀ wá pa á. Ẹ gbìn ín ní Ṣakí nínú oṣù kẹfà, inú òjò ni á yọrí, inú òjò ni á gbó, á hu èbu, àwọn ẹyẹ tí kò tíì rí ọkà mìíràn jẹ á sì parí ìyókù. Ìyá ológì wo ló máa ra ọkà tó ti hu èbu? Èpò olódòdó àlùkò tó ń fa ọkà bàbà mu láti gbòǹgbò ńkọ́? Kò sí i ní oko Kansas, àwọn tó ń ta irúgbìn fún àgbẹ̀ ibẹ̀ kò sì ro tiẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ wa, bí wọ́n bá ti gbọ́ Amẹ́ríkà, ó parí. Wọn kò wọ oko, wọn kò bi àgbẹ̀. Wọ́n á dúró ti àpò irúgbìn, wọ́n á ya fọ́tò, ìgbà tí àpò náà á fi dé ọ̀dọ̀ olóko, àsìkò gbígbìn ti lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí. Kí wọ́n má pín ohunkóhun. Kí wọ́n mú àgbẹ̀ bíi mélòó kan ní Ṣakí, ní Kíṣì, ní Ìgbòho, ní Ìṣẹ́yìn, àgbẹ̀ gidi o, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Kí wọ́n gbin ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lórí ilẹ̀ kan náà, lọ́jọ́ kan náà, fún ọdún mẹ́ta, kí ọdún tí òjò pọ̀ àti èyí tí ọ̀dá dá lè bọ́ sínú rẹ̀. Kí ilé ìwádìí tó wà ní Samaru, Zaria, tí ọkà bàbà jẹ́ iṣẹ́ wọn, mú tiwọn náà wá. Kí àwọn ìyá ológì wà lára àwọn tó máa dájọ́, torí wọn ò lè gbójú fo èbu. Kí wọ́n ka èsì rẹ̀ lórí rédíò ní Yorùbá, èyí tó ṣubú, èyí tó dúró. Bí ti òyìnbó bá borí, èmi ni màá kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn tán, kí wọ́n fi ògùn po irúgbìn fáwọn àgbẹ̀, torí àrùn tó ń sọ ọmọ ọkà di ìyẹ̀fun dúdú kò le láti dá dúró. Kí àwọn àgbẹ̀ náà sì gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà sórí ilẹ̀ ọkà bàbà ní ọdún kan, kí wọ́n tó tún gbin ọkà bàbà síbẹ̀ ní ọdún kejì.

Aláṣẹ tó sọ̀rọ̀ yẹn náà ń ka ìwé ìròyìn yín. Kó dá wa lóhùn níbẹ̀: oko wo ló ti dán irúgbìn náà wò, lọ́dún wo, ta ló sì kórè rẹ̀?

Ọmọ Ṣakí,
Kansas, Amẹ́ríkà.