Wákàtí mẹ́fà kọ́ ni Èkó sí New York o

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ojú ìwé ìrìn-àjò yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tẹ́ ẹ ti ní wákàtí mẹ́fà ni bàálù ń lò láti Èkó dé New York, ẹ̀rín pa mí, torí mo mọ bẹ́ ẹ ṣe rí i, Màámi náà ti ṣe irú ìṣirò yẹn rí.

Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá làbúrò mi obìnrin lọ. Bàálù gbéra n'Ìkẹjà laago 11 alẹ́, bó ṣe balẹ̀ ló pè wá, ó ní aago 5 ìdájí ló lù lọ́hùn-ún. Màámi bá na ìka ọwọ́ wọn, 12, 1, 2, títí dé 5, wọ́n ní wákàtí mẹ́fà, ṣebí iye tá a fi dé Ìlọrin lọ́jọ́sí náà nìyẹn! Mo ní kí wọ́n wo aago ara ògiri, 10 àárọ̀ ti lù nílé wa. Wákàtí 11 lọmọ ọlọ́mọ fi jókòó sójú kan. Oòrùn ọ̀dọ̀ wa ló ń kọ́kọ́ yọ, wákàtí 5 ni New York fi wà lẹ́yìn wa nígbà ooru wọn, tí òtútù bá dé wọ́n á fa aago sẹ́yìn, á di 6, àwa ò kí ń yí tiwa.

Kìlómítà bíi 8,400 mà ni! Bàálù ńlá ń sá bíi 900 ní wákàtí kan, ẹ pín in wò, mẹ́fà ò lè yọ níbẹ̀. Ká má tíì sọ ti atẹ́gùn tó máa ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún láti ìwọ̀ oòrùn wá sí ìlà oòrùn, ó máa ń ti bàálù tó ń bọ̀ nílé, ìyẹn ni bíbọ̀ fi ń yá ju lílọ lọ. London ló sún mọ́ mẹ́fà, mẹ́fà ààbọ̀ báyìí, kìlómítà bíi 5,000 ni, aago wọn sì máa ń bá tiwa dọ́gba nígbà ooru, ìka Màámi ì bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ kọ rárá ni ti àwa ará Ìkòròdú. Aago 2 ọ̀sán la ti kúrò nílé o! Mile 12 la wà fún wákàtí kan àtààbọ̀, ọkọ̀ ò sún síwájú, apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó ti ń rà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wa, àbúrò mi gbé páásípọ́ọ̀tù sáyà bíi pé ẹnì kan fẹ́ gbà á. Tẹ́ ẹ bá kà á látẹnu ọ̀nà wa, ogún wákàtí ni New York.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un tẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà. Màámi ti gé ojú ìwé yín yẹn, abẹ́ ìrọ̀rí ló wà, gbogbo àlejò tó bá wọlé ni wọ́n ń nà án sí pé "ṣẹ́ ẹ rí i, ìwé ìròyìn náà ní mẹ́fà ni."

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú