Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ erin, ẹ má gbàgbé igún

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa erin, ó dáa gan-an, àmọ́ ó dùn mí pé ẹ ò dárúkọ igún rárá, bẹ́ẹ̀ ìdí òkú erin gan-an nigún ti ń kú jù láwọn ibì kan. Àwọn tó ń jí erin pa torí eyín ẹ̀ mọ̀ pé tí igún bá ti ń rà bàbà lókè, kò ní pẹ́ táwọn ẹ̀ṣọ́ igbó fi máa mọ ibi tí òkú wà, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń da májèlé sára ẹran náà tí wọ́n bá ti yọ eyín tán, kí igún tó bá bà lé e kú síbẹ̀. Ní Botswana lọ́dún 2019, òkú erin mẹ́ta ni wọ́n fi májèlé sí, igún 537 ló kú. Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́. Erin 3, igún 537!

Mi ò ní ká má ṣàánú erin o. Oṣù 22 labo ẹ̀ fi ń lóyún kó tó bí ọmọ kan, nígbà tí wọ́n sì ka erin inú ọ̀dàn lórílẹ̀-èdè 18 ní Áfíríkà, tí èsì jáde lọ́dún 2016, ó lé ní 350,000, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lọ láàárín ọdún méje. Ṣùgbọ́n igún náà kì í tètè pọ̀, ẹyin kan ló sábà máa ń yé lọ́dún, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì máa ń gbà kí ọmọ ẹ̀ tó dàgbà débi tóun náà á yé. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń sọ irú ẹ̀dá tó fẹ́ pa run, gbé ẹ̀yà igún mẹ́rin ní Áfíríkà sí ìpele tó léwu jù lọ lọ́dún 2015. Erin inú igbó kìjikìji wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, àmọ́ erin inú ọ̀dàn ṣì fi ìpele kan sàn jù wọ́n lọ.

Ta ló ń gbọ́ ìyẹn? Erin kì í ṣe ohun téèyàn máa ní òun rí fìrí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ọmọdé fẹ́ràn ẹ̀, fótò ẹ̀ ń pawó wọlé fún àwọn tó ń dáàbò bò ó. Igún pá lórí, òkú ló ń jẹ, làwọn èèyàn bá ń yínmú sí i, bẹ́ẹ̀ òun ló ń palẹ̀ òkú mọ́ káàkiri igbó láìgba kọ́bọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò le. Káwọn tó ń náwó lórí erin máa yọ díẹ̀ níbẹ̀ kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó bí wọ́n ṣe máa tètè sun òkú tó ní májèlé tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, torí wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá fi wà nílẹ̀, igún míì á tún bà lé e.