Ẹ bá wa tú ìwé Lysander Spooner sí Yorùbá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti fẹ́ kọ nǹkan nípa Badagry wa níbí, ọ̀rọ̀ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà ni, ọjà ẹrú Vlekete àti erékùṣù Gberefu tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa wọkọ̀. Kò burú, ó yẹ ká máa sọ ọ́ fáwọn ọmọ. Àmọ́ mi ò rí kí wọ́n dárúkọ àwọn tó wà lódìkejì òkun lọ́hùn-ún tí wọ́n ń fi gègé bá ọ̀rọ̀ ẹrú jà. Ọ̀kan nínú wọn ni Lysander Spooner, ará Massachusetts ní Amẹ́ríkà, 1808 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1887. Àbúrò mi ló fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni wọ́n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ká ṣáà rí ẹni tó máa kà á.

1845, ọdún tí wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílùú wa níbí, ni ìwé ẹ̀ The Unconstitutionality of Slavery jáde, ìyẹn ni pé ẹrú níní lòdì sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lásìkò yẹn, àwọn kan tó ń gbógun ti ẹrú níní gan-an ti gbà pé ẹ̀yìn àwọn olówó ẹrú ni ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí wà. Spooner ní irọ́ ni. Ó ní kí wọ́n ka ìwé òfin yẹn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wọn ò dárúkọ ẹrú níbẹ̀ rárá, òfin tó bá sì fẹ́ gba ẹ̀tọ́ tí wọ́n bí mọ́ èèyàn, ó gbọ́dọ̀ là á mọ́lẹ̀ kedere, kò gbọ́dọ̀ fi bò. Frederick Douglass tó ti ṣẹrú rí ò kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ nígbà tó ka ìwé Spooner àtàwọn míì, ó yí ohùn padà ní 1851, ó sì sọ ọ́ ní gbangba.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe onísọ̀rọ̀ lásán o. Ní 1844, owó tí ìjọba ń gbà lórí lẹ́tà ti wọ́n jù, ló bá dá ilé iṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, American Letter Mail Company, ó ń gbé lẹ́tà lówó pọ́ọ́kú. Ìjọba gbé ẹjọ́ tì í lọ́rùn títí ó fi kógbá wọlé, àmọ́ wọ́n já owó tiwọn náà wálẹ̀ ní 1845, ó sì tún di sẹ́ńtì 3 ní 1851.

Ibi tí mi ò ti bá a dé òpin ni ìwé No Treason tó kọ lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn. Ó ní òfin tẹ́nì kan ò fọwọ́ sí kò lè dè é. Èmi ò gbà pé a lè wà láìsí ìjọba, ta ló máa wá tún títì Badagry ṣe? Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Agbalata náà ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹni tó fún agbowó láṣẹ àti ohun tí wọ́n ń fowó náà ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́ Olóòtú, ẹ fún Spooner ní ìdajì ojú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní Yorùbá. Mo ti ń tú apá ìbẹ̀rẹ̀ ìwé 1845 yẹn, mi ò ní gba kọ́bọ̀, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́, màá fi ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Olùkà yín láti Ajara, Badagry