Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí ọ̀bẹ yín fi ń dúdú nínú àkọ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àsìkò òjò. A kí ẹ̀yin ọdẹ, a kí ẹ̀yin alápatà, a kí ẹ̀yin tí ẹ ra ọ̀bẹ wa kọ́ sára ògiri, àti ẹ̀yin tí ẹ rà á ránṣẹ́ sí ọmọ lókè òkun.

Láti oṣù Agẹmọ ni ẹ ti ń pè wá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀bẹ tó ń dán nígbà tí ẹ gbà á, ẹ fà á yọ nínú àkọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti ní àbàwọ́n dúdú lójú. Ti ẹlòmíràn tiẹ̀ ti pọ́n, ó ti dógùn-ún. Àwọn kan bi wá bóyá ayédèrú irin la fi rọ ọ́. Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi wa wà níbẹ̀, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ ọ̀bẹ ọdẹ. Bí ẹ bá pọ́n ọn dáadáa, ẹ lè bó ìgalà odindi kó tó tún béèrè òkúta. Ẹwìrì á fẹ́ iná títí irin á fi pọ́n, alágbẹ̀dẹ á sún òòfà mọ́ ọn. Bí òòfà kò bá gbá a mú mọ́, ooru rẹ̀ ti kọjá 770 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó kù díẹ̀ kó tó àkókò tí a ó rì í sínú òróró. Bó ṣe ń jáde níbẹ̀, ó le bí ìgò, bó bá bọ́ lulẹ̀ ó lè dá sí méjì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un yá níná díẹ̀díẹ̀, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà bíi ti koríko gbígbẹ. Ìgbà náà ni á mú, tí kò sì ní dá.

Àwọn kan ní ká kúkú máa lo irin tí kì í dógùn-ún, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí. Kírómíọ́ọ̀mù, irú mẹ́táàlì kan tí wọ́n ń pò mọ́ irin, ló ń dáàbò bo irin bẹ́ẹ̀, ó kéré tán 10.5 nínú 100 rẹ̀. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tó lé ní 1,000 ló ń fẹ́, ooru tí kò gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò, iná èédú wa kò sì lè ṣe ìyẹn. Bí a bá fi tipátipá rọ ọ́, á máa dán, kò ní mú. Mi ò lè ta irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ fún ọdẹ.

Àkọ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Awọ màlúù tó nípọn la fi ń ṣe inú rẹ̀, a ó wá fi awọ ewúrẹ́ bò ó. Ìhà Sókótó àti Kánò ni awọ ewúrẹ́ náà ti ń wá, irú èyí tí ràkúnmí ń gbé la aṣálẹ̀ kọjá dé ìhà Mòrókò láyé àtijọ́, tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Mòrókò. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí àwọn Hausa ń pè ní bàgàrúwà ni wọ́n fi ń ṣe é, àti ti màlúù náà, kó má bàa jẹrà. Àwọ̀ pupa awọ ewúrẹ́, láti ara pòròporo ọkà bàbà ni. Lọ́dọ̀ wa nílùú Ọ̀yọ́, a ó fi ọ̀bẹ ṣóńṣó ya ọ̀nà sí i lójú, a ó sì bó ibi tí a bá ré, kí funfun inú awọ lè yọ láàrin pupa. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí làbà Ṣàngó rí mọ irú awọ pupa tí mò ń wí. Ọjọ́ tí mo bá ń ré awọ, mi ò kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀.

Bàgàrúwà tó wà nínú awọ yìí àti irin, bí ọ̀rinrin bá wọ àárín wọn, dúdú ni wọ́n ń bí. Àwọn àgbà oníṣẹ́ awọ mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí awọ dúdú, àjákù irin ni wọ́n ń rẹ sínú omi kíkan, wọ́n á fi omi náà pa awọ, á sì dúdú bíi kóró iṣin. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀bẹ yín. Àbàwọ́n dúdú yìí kì í pa ọ̀bẹ lára, ẹ má fi yanrìn ha á. Ìdógùn-ún pupa ni ọ̀tá. Ẹ nu tirẹ̀ kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i.

Ẹ̀bi wa wá nìyí. Kí àkọ̀ tó lè gba ìrísí ọ̀bẹ, a ń rẹ awọ sómi, a ó fi wé ọ̀bẹ tí a ti fi ọ̀rá dì, a ó sì jẹ́ kó gbẹ. Lọ́yẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Lóṣù Agẹmọ, a kánjú torí pé ẹ ń retí iṣẹ́ yín, a fọwọ́ kan ìta àkọ̀, ó gbẹ, a kó o jáde. Inú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Bàbá ọdẹ kan ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ padà, wọn ò bínú, wọ́n kàn fi ìka sínú àkọ̀, wọ́n nawọ́ náà sí mi pé kí n fọwọ́ kàn án. Ó tutù. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ló ba onílé jẹ́, ọwọ́ mi ló sì ti wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.

Gbogbo ẹni tó gba ọ̀bẹ lóṣù Agẹmọ àti oṣù Ògún, ẹ dá a padà, ìbáà dúdú ni o, ìbáà pọ́n. A ó nù ún, a ó tún un pọ́n, a ó sì rán àkọ̀ tuntun fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jìnnà, ẹ fi ránṣẹ́ ní gáréèjì, àwa la ó san owó wébìlì àlọ àti àbọ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni àkọ̀ á máa gbà nígbà òjò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún wa.

Nílé, ẹ má fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú àkọ̀. Oko àti ìrìnàjò ni àkọ̀ wà fún. Bí ẹ bá ti kun ẹran tán, ẹ fọ ọ̀bẹ, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi àdín àgbọn díẹ̀ pa á lójú, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e. Òróró ọbẹ̀ kò dára, ó máa ń lẹ̀ bó bá pẹ́. Ìta àkọ̀ ni kí ẹ fi ìda oyin pa. Òrí á jẹ́ kó rọ̀ jù, ọ̀bẹ á sì máa yọ bọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, òfin ibẹ̀ kò gbà kí ẹ mú irú ọ̀bẹ yìí rìn nígboro láìní ìdí pàtàkì. Ẹ fi sílé. Bí ẹ bá sì ń gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni kó wà.

Bàbá, ọ̀bẹ yín ti wà nílẹ̀. Mo ti ki ọwọ́ bọ àkọ̀ rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó gbẹ.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ awọ yín, ní Ọ̀yọ́